Aṣọ Kan Tí Kò Wálé

Nọ́ọ̀sì Ewúrẹ́ ni wọ́n ń pè mí ní Ìlá níbí. Tí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, tí ẹ sọ fún ọlọ́kadà pé Abọ́sẹ̀dé lẹ ń wá, ó lè ní òun ò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ ní "Nọ́ọ̀sì Ewúrẹ́," ẹ̀rín ni yóò kọ́kọ́ rín, yóò sì gbé yín dé ẹnu ọ̀nà mi. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ orúkọ yẹn, ó máa ń dùn mí dọ́kàn. Ìyá mi gan-an ò fẹ́ ẹ. "Mo rán ọmọ lọ sí girama," ni wọ́n máa ń sọ fún àwọn ẹgbẹ́ wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì, "ó wá lọ ń fọ ìdí ewúrẹ́." Ẹ wá wò mí lónìí. Mo ti fẹ̀yìn tì, tí ẹnìkan bá sì pè mí ní orúkọ mìíràn, n kì í tètè dáhùn.

Ọmọ ọmọ mi, Tiwaladé, tó ń parí girama lọ́dún yìí, ló bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Màmá àgbà, ṣé kí n lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà ẹran ni, àbí kí n lọ kọ́ kọ̀ǹpútà?" Mo ní kó gbé àpótí wá kó jókòó, nítorí ìdáhùn tó wà lẹ́nu mi kì í ṣe èyí téèyàn ń dúró gbọ́. Ohun tí mo sọ fún un náà ni mo ń sọ fún ẹ̀yin ẹgbẹ́ rẹ̀ yìí. Ẹ gbé fóònù yẹn sílẹ̀ ná.

Bí wọ́n ṣe gbà mí síṣẹ́ àti iye tí wọ́n ń san fún mi, ẹ jẹ́ ká fo ìyẹn. Ẹni tí mo bá níbẹ̀ ló ṣe pàtàkì. Ilé ìwòsàn ẹran wa nígbà náà, yàrá méjì péré ni, pẹ̀lú igi máńgòrò kan níwájú, abẹ́ igi náà sì ni àwọn ẹran ti ń dúró de dókítà. Dókítà kan ṣoṣo la ní, Dókítà Adégòkè, ọmọ Ẹ̀gbá. Wọ́n kúrú, wọ́n tín-ín-rín, ẹ̀wù funfun wọn kì í ní ìwúnjọ kankan. Ó tó ọdún kan tí mo bá wọn ṣiṣẹ́ kí n tó rí eyín wọn.

Wọ́n ní ìsàlẹ̀ ni n ó ti bẹ̀rẹ̀. Ìsàlẹ̀ tí wọ́n wí, aṣọ fífọ̀ ni. Aṣọ ìnuẹ̀jẹ̀ mẹ́wàá là ń kó kalẹ̀ fún iṣẹ́ abẹ kọ̀ọ̀kan, aṣọ funfun tí a gé tó àtẹ́lẹwọ́ méjì. A ó lò ó tán, a ó fọ̀ ọ́, a ó sá a, a ó sè é nínú ìkòkò kí kòkòrò àìsàn lè kú, a ó tún lò ó. Iṣẹ́ mi ni láti fọ̀ ọ́, iṣẹ́ mi náà sì ni láti kà á. Bí aṣọ kọ̀ọ̀kan bá ṣe ń wọ inú ẹran, n ó kà á sókè. Kí wọ́n tó rán ojú ọgbẹ́ pa, n ó tún kà á sókè.

"Abọ́sẹ̀dé!"

"Sà!"

"Mélòó ló wọlé?"

"Mẹ́wàá, sà."

"Mélòó ló jáde?"

"Mẹ́wàá, sà."

Tí mo bá sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, wọ́n á ní kí n tún un sọ. "Inú ẹran kì í ṣe àpò," bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń wí. "Ohun tí o bá gbàgbé síbẹ̀, ẹran ò lẹ́nu tó máa fi sọ fún ọ." Inú a máa bí mi. Èmi tí mo ṣe ìṣirò yege ní girama, bàbá yìí ń kọ́ mi ní ọ̀kan sí ẹ̀wá! Mi ò mọ̀ pé ọ̀kan sí ẹ̀wá yẹn ló máa pa mí lẹ́kún.

Ẹ̀kọ́ kejì ni ọwọ́. Kò sí ẹ̀rọ kankan tó ń wo inú ẹran lọ́dọ̀ wa nígbà náà. Ọwọ́ ni ẹ̀rọ wa. Dókítà á fi aṣọ dì mí lójú, wọ́n á gbé agbọ̀n síwájú mi, wọ́n á fi àpò bò ó lórí, wọ́n á ní kí n fọwọ́ tẹ àpò náà kí n sọ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀.

"Ọsàn, sà."

"Ó ti pọ́n àbí kò tíì pọ́n?"

Ẹ gbọ́ ìbéèrè! Ta ló ń fi ọwọ́ mọ ọsàn pípọ́n láti orí àpò? Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Nígbà tó yá, mo ń mọ̀ ọ́n. Láti orí agbọ̀n, wọ́n gbé mi dórí ikùn ewúrẹ́. Ọwọ́ òsì, àpòlúkù nìyẹn, ibi tí koríko tó jẹ ń kó sí, ó ń yí bí àgbo tó ń hó. Ọwọ́ ọ̀tún, ìfun. Tó bá jẹ́ aboyún, n ó fi ìka wá ilé ọmọ kàn, n ó sì mọ orí yàtọ̀ sí ìdí. Dókítà ní ẹni tó bá kánjú lo ojú, ọwọ́ rẹ̀ á fọ́jú.

Lọ́jọ́ kan, ọdẹ kan gbé ajá rẹ̀ wá láti Ọ̀rà. Ẹlẹ́dẹ̀ igbó ló gbá a. Awọ rẹ̀ ò bẹ́, egungun rẹ̀ ò dá, ṣùgbọ́n kò lè dùbúlẹ̀. Ó ṣáà jókòó, ó ń mí gúlegúle. Dókítà gbé etí lé e ní àyà, wọ́n ní kí èmi náà gbé etí lé e. Mo gbọ́ kùrùkùrù, bí ikùn ẹni tí ebi ń pa.

"Kí lo gbọ́?"

"Ìfun ló ń kùn, sà."

"Níbo?"

Ẹ̀rù bà mí láti sọ ọ́. "Ní àyà, sà."

Awọ tó pààlà láàrin àyà àti ikùn ló ya, tí ìfun sì gòkè lọ gba ibùjókòó ẹ̀dọ̀fóró. A là á. Ajá tí a bá là báyẹn kò lè dá mí, nítorí náà a ti rọ́bà kan bọ ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, àpò kékeré kan wà ní ìdí rọ́bà náà, èmi ni mo sì ń tẹ̀ ẹ́. Tí mo bá tẹ̀ ẹ́, ajá á mí sínú. Tí mo bá jọ̀wọ́ rẹ̀, á mí síta. Wákàtí kan gbáko, èémí ajá náà wà lọ́wọ́ mi. Lọ́jọ́ kejì ó gbé orí sókè, ó ju ìrù lẹ́ẹ̀kan, ni mo bá bú sẹ́kún. Ọdẹ ń wò mí tìyanutìyanu. "Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì náà a máa sunkún nítorí ajá?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, kí ló kàn án? Dókítà rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ yẹn ni mo rí eyín wọn, ọjọ́ yẹn náà ni mo sì mọ̀ pé mi ò ní fi iṣẹ́ náà sílẹ̀.

A rí oríṣiríṣi. Bàbá Hárúnà darandaran ní ọmọ màlúù kan tí wọ́n bí láìní ihò ìdí, a dá a ní ihò, ó sì dàgbà di akọ ńlá tó ń kàn mí nígbàkúùgbà tó bá rí mi, aláìmoore. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n dé orí ọ̀rọ̀.

Ìyá kan wà ní àdúgbò wa tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ìbídùn. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, Ìbídùn yẹn náà ni. Ọmọ náà kàwé, ó di tíṣà ní Ìgbájọ, owó oṣù àkọ́kọ́ tó gbà, ewúrẹ́ ló fi rà fún ìyá rẹ̀. Ìyá sọ ewúrẹ́ náà ní Tíṣà. Wọ́n ní kí gbogbo ayé lè máa béèrè ìdí orúkọ náà ni, kí àwọn lè máa rí àyè fi ọmọ àwọn ṣe fáàrí. Kò pé ọdún méjì lẹ́yìn náà, àìsàn ọjọ́ mẹ́ta pa Ìbídùn. Ó wá ku Ìyá, ó ku Tíṣà. Ewúrẹ́ mìíràn wà nílé wọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n Tíṣà ni wọ́n máa ń kí láàárọ̀ kí wọ́n tó kí èèyàn. "Ọwọ́ ọmọ mi ló ti wá," ni wọ́n máa ń wí.

Tíṣà wá rọbí. Ó rọbí láti àná, títí ilẹ̀ fi mọ́, kò bí. Ìyá Ìbídùn gbé e wá lórí ọ̀kadà, ẹsẹ̀ wọn kan láìsí bàtà. Dókítà ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Orí méjì ló jọ há sẹ́nu ọ̀nà. Dókítà kì í yára fa abẹ yọ, wọ́n a ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Wọ́n gbìyànjú títí, kò ṣeé ṣe. "Ìyá, a máa là á," ni wọ́n wí. "Ẹ bá wa jókòó síta."

"Ibi tí Tíṣà bá wà ni mo wà," ni Ìyá dáhùn. Wọ́n sì dúró síbi orí rẹ̀, wọ́n di ìwo rẹ̀ mú.

Mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mi. Bí aṣọ kan bá ti ń wọlé, n ó kà á sókè. "Ọ̀kan! Èjì! Ẹ̀ta!" Dókítà fa ọmọ àkọ́kọ́ jáde, ó ń ké. Wọ́n fa èkejì. "Ẹ̀rin! Àrún!"

"Má kà mọ́!" Ìyá Ìbídùn ló pariwo.

"Aṣọ ni mò ń kà, Mà."

"Aṣọ ni o, ọmọ ni o, má ka nǹkankan lórí Tíṣà mi. A kì í ka ọmọ fólọ́mọ! Wọ́n ti kà á fún mi rí. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi nàka sí mi níwájú èrò, wọ́n ní, 'Ọ̀kan péré.' Ọ̀kan náà dà?"

Omi ń dà lójú wọn. Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá, ẹ sọ fún mi, ta ni yóò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu abiyamọ tí yóò tún la ẹnu kà? Wọ́n tọ́ mi nílé. Mo pa ẹnu mi dé, mo ní n ó máa kà á sínú. Ọmọ kẹta jáde, kò mí. Dókítà ń fi aṣọ nù ún, wọ́n ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i nímú, èmi náà ń gbàdúrà. Níbi àdúrà ni mo gbé sọ òǹkà nù.

Ọmọ náà sín, ó mí. Dókítà padà sídìí ọgbẹ́. "Abọ́sẹ̀dé, mélòó ló jáde?"

Mo wo Ìyá Ìbídùn. Àwọn náà ń wò mí. "Ó pé, sà."

Ó pé. Mi ò dárúkọ iye. Ó ti rẹ Dókítà, ọjọ́ kan ṣoṣo tí wọn ò ní kí n tún un sọ nìyẹn. Wọ́n rán an pa.

Lọ́jọ́ kejì mo fọ aṣọ, mo sá a sórí okùn. Mo kà á, mẹ́sàn-án ni. Mo tún un kà, mẹ́sàn-án. Mo wá a lábẹ́ máńgòrò, mo wá a lẹ́yìnkùlé, mo tú garawa ìdọ̀tí. Mo ní bóyá afẹ́fẹ́ ló gbé e, bóyá ajá ló wọ́ ọ lọ. Ara mi ti mọ̀ pé kì í ṣe afẹ́fẹ́. Ṣùgbọ́n ojú Dókítà ni mo rò, iṣẹ́ mi ni mo rò, ni mo bá mú sísọ́ọ̀sì, mo gé aṣọ tuntun kan, mo fi dí ẹ̀wá.

Ẹ tẹ́tí sí mi dáadáa níbí yìí. Gbígbàgbé aṣọ, àṣìṣe ni. Aṣọ tí mo gé dí i yẹn, òun ni ẹ̀ṣẹ̀ mi. Ká ní mo sọ̀rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ni, Tíṣà ṣì lágbára, ọgbẹ́ ṣì tutù, Dókítà ì bá tú u, wọn ì bá yọ ọ́ kó tó lẹ̀ mọ́ ìfun.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, Tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Kò jẹun, irun rẹ̀ ń re. Ìyá tún gbé e wá. Dókítà tẹ ikùn rẹ̀, wọ́n bá kókó kan níbẹ̀. Èmi náà tẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ tí wọ́n kọ́ mi láti fi mọ ọsàn, òun ló sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún mi.

"Abọ́sẹ̀dé, aṣọ wa pé lọ́jọ́ yẹn?"

"Ó pé, sà."

Wọ́n gbà mí gbọ́. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Ẹ̀rọ ẹ́síréè tó sún mọ́ wa jù, ní ilé ìwòsàn èèyàn ló wà, ní ìlú mìíràn. Dókítà bẹ̀bẹ̀ títí wọ́n fi ní ká máa bọ̀. A fi ìró Ìyá Ìbídùn wé Tíṣà, Ìyá gbé e lé ẹsẹ̀, orí nìkan ló yọ síta. Níbi tí àwọn aláìsàn jókòó sí, bàbá arúgbó kan wo Tíṣà títí, wọ́n wá rọra bi Ìyá pé, "Ẹ jọ̀wọ́, irú ọmọ wo lẹ bí tó ti ní irùngbọ̀n yìí?" Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, àti Ìyá náà. Ẹ̀rín ìkẹyìn tí mo gbọ́ lẹ́nu wọn fún ìgbà pípẹ́ nìyẹn. Ọkùnrin tó ni ẹ̀rọ ń kùn pé ṣé a fẹ́ kí wọ́n lé òun níṣẹ́ ni, ṣùgbọ́n nígbà tí èèyàn tán, ó tẹ́ ọ̀rá sórí ibùsùn, ó ya àwòrán náà.

Dókítà gbé fíìmù náà sókè sí ojú fèrèsé. Egungun a máa funfun nínú rẹ̀, afẹ́fẹ́ a máa dúdú. Láàrin ikùn Tíṣà, ohun kan wà tí kì í ṣe egungun, tí kì í ṣe ìfun. Ihò wẹ́wẹ́, ihò wẹ́wẹ́, bíi kànrìnkàn tí a fi ń wẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó há sáàrin òwú aṣọ ni. Dókítà ò wo fíìmù náà pẹ́. Wọ́n yíjú, èmi ni wọ́n ń wò.

"Abọ́sẹ̀dé. Mélòó ló jáde?"

"Mẹ́sàn-án, sà."

Wọn ò bú mi. Ìbá sàn kí wọ́n bú mi. Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀ ní Ìlá, wọ́n ní, "Ìwọ lo máa sọ fún ìyá náà. Ẹni tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará ìyókù lọ́gbọ́n, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ pariwo láti inú kòtò náà."

Mo bá Ìyá Ìbídùn nílé, wọ́n ń bó ẹ̀gẹ́. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀, àti aṣọ tí mo gbàgbé àti aṣọ tí mo gé. Wọ́n ń bó ẹ̀gẹ́ lọ.

"Ṣé nítorí pé mo ní kí o má kà ni?"

Ah! Wọ́n fẹ́ gbé e ru ara wọn. Mo ní, "Rárá, Mà. Nítorí irọ́ tí mo pa ni."

Wọ́n ní, "Lọ sílé." Mo lọ.

A tún Tíṣà là. Aṣọ náà ti lẹ̀ mọ́ ìfun. Dókítà yọ ọ́, wọ́n gé ìfun tó bàjẹ́, wọ́n rán an pọ̀. Mo jókòó tì í títí di ọjọ́ kejì. Ní ọ̀sán, ó gbé orí lé itan mi, ó sì kú. Mo sọ fún yín, ẹkún tí mo sun lórí ewúrẹ́ yẹn, ìyá mi wá bá mi níbẹ̀, wọn ò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n kàn jókòó tì mí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, mo lọ sílé Ìyá Ìbídùn. Mo ti múra kí wọ́n lé mi. Àwọn ọmọ Tíṣà mẹ́ta ṣì ń mu ọmú, mo gbé mílíìkì àti ìgò ọmọdé dání. Ìyá wò mí, wọ́n nawọ́ sí ẹ̀yìnkùlé. Mo ń fún àwọn ọmọ náà lóúnjẹ lọ́wọ́ ni Ìyá bọ́ sí ẹnu ọ̀nà, tí wọ́n ń pe ẹran wọn wọlé. Wọn kì í kà wọ́n o. Orúkọ ni wọ́n ń pè.

"Alákẹ́!" Ewúrẹ́ kan ké, ó wọlé. "Dúdúyẹmí!" Òun náà wọlé. "Arẹwà!" Ó wọlé.

Wọ́n wá ṣèèṣì. Ẹnu ti mọ́ ọn. "Tíṣà!"

Ìyá di òpó mú. Mi ò mọ ohun tó wọ̀ mí lẹ́nu, àánú ni, àbí ìtìjú, mo ṣáà gbọ́ ohùn ara mi: "Mo ti dé, Mà."

Wọ́n yíjú sí mi. Wọ́n wò mí, wọ́n wò mí. Wọ́n ní, "Wá jókòó." Ni wọ́n bá sọ fún mi pé, "Ewúrẹ́ jẹ, ó relé. Àgùntàn jẹ, ó relé. À-jẹ-ì-wálé ló ba ẹlẹ́dẹ̀ jẹ́. Èmi kì í ka tèmi, mo máa ń pè wọ́n ni. Èyí tí kò bá jẹ́, mo mọ̀ pé kò tíì wálé, n ó sì wá a lọ. Ìwọ náà, pe aṣọ rẹ."

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ Dókítà lọ́jọ́ kejì. Wọ́n ronú, wọ́n ní, "Ọ̀rọ̀ àgbà." Láti ọjọ́ náà, aṣọ ìnuẹ̀jẹ̀ wa lórúkọ. Mo fi òwú dúdú kọ orúkọ ìlú wa sí wọn létí, ọ̀kọ̀ọ̀kan: Ìlá, Òkè-Ìlá, Ọ̀rà, Ìgbájọ, Ìrèsì, Òtan, Ọ̀yán, Àjàbà, Omù-Àrán, Òró. Bí aṣọ bá wọlé, n ó ní, "Ọ̀rà ti lọ oko." Bó bá jáde, n ó ní, "Ọ̀rà ti wálé." Kò sí olówó ẹran kankan tó bínú sí i mọ́, àní àwọn kan a máa bá wa pè é. Bàbá kan láti Ìgbájọ a máa bínú tí ìlú wọn bá kẹ́yìn wálé. Mi ò tún pàdánù aṣọ kankan mọ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì.

Ọmọ Tíṣà mẹ́ta náà yè. Ìyá sọ wọ́n ní Móńítọ̀, Ṣọ́ọ̀kì àti Agogo. Ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan ni mò ń lọ fún wọn ní mílíìkì, nígbà tí wọ́n gbọ́njú tán, mi ò lè jáwọ́ mọ́. Bí Ìyá bá ti pe ẹran wọn tán, wọ́n á pe "Tíṣà!", èmi á ní, "Mo ti dé, Mà." Mo lọ́kọ, mo bímọ, mo ń gbé ọmọ pọ̀n lọ síbẹ̀ láti lọ jẹ́ orúkọ ewúrẹ́.

Ayé yí. Dókítà Adégòkè fẹ̀yìn tì, wọ́n padà sílé wọn. Wọ́n gbé ẹ́síréè tiwa dé, ó ń já wa kulẹ̀ nígbà tí iná bá lọ, ìyẹn ni pé gbogbo ìgbà. Lẹ́yìn náà ni síkáànù dé, ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi jẹ́ẹ̀lì lẹ̀ mọ́ ikùn, inú ẹran á sì hàn lójú gíláàsì bí ẹni ń wo tẹlifíṣọ̀n. Mo jowú ẹ̀rọ yẹn, mi ò ní purọ́. Ohun tí mo fi ọdún kan kọ́ lórí agbọ̀n, ó ń ṣe é láàrin ìṣẹ́jú kan. Dókítà Tèmítọ́pẹ́, ọmọbìnrin tó kẹ́yìn lára àwọn dókítà tí mo bá ṣiṣẹ́, á ní, "Mọ́mì, ẹ fọwọ́ wò ó ná, kí n tó tan ẹ̀rọ." Ọmọ dáadáa ni.

Iṣẹ́ abẹ tí mo ṣe kẹ́yìn, ewúrẹ́ ìran Tíṣà ni. Síléètì lorúkọ rẹ̀, ọ̀kadà ló gbá a pẹ̀lú oyún. Ìyá Ìbídùn ti darúgbó kùjọ́kùjọ́ nígbà náà, ojú wọn ti ń ṣú, a gbé àga fún wọn lábẹ́ máńgòrò. Mo tẹ ikùn Síléètì. Ọmọ wà nínú ilé ọmọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi tún bá orí kan níbi tí kò yẹ kí orí wà. Dókítà Tèmítọ́pẹ́ gbé síkáànù lé e, bẹ́ẹ̀ ló rí. Ilé ọmọ ti ya, ọmọ kan ti bọ́ sáàrin ìfun. Ó fẹ́ pariwo iye ọmọ tó rí sí Ìyá létí láti ojú fèrèsé, mo yára já a léèékánná. "Sọ fún wọn pé Síléètì máa yè," ni mo wí, "ìyẹn ni wọ́n ń dúró gbọ́."

A là á. Èyí tó bọ́ síta ti kú, èyí tó wà nínú yè. Dókítà rán ilé ọmọ. Ẹ̀jẹ̀ pọ̀ gan-an lọ́jọ́ yẹn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n wálé. Ìlá wálé. Ìgbájọ wálé. Omù-Àrán wálé.

"Òró!" Kò sí. "Òró ò tíì wálé o, Dókítà."

Ó wá a, kò rí i. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ti kọjá, ó ti ń rẹ ewúrẹ́. "Mọ́mì, ṣé ó dá yín lójú?"

"Ó dá mi lójú. Má rán an."

Ó ti ọwọ́ bọ ẹ̀yìn àpòlúkù, ó rọra ń wá a kiri, ó wá fà á jáde, pupa yòò. Mo yí etí rẹ̀ wò, mo ka orúkọ tó wà níbẹ̀. Mo fẹ̀yìn ti ògiri.

Ohùn Ìyá Ìbídùn wá láti abẹ́ máńgòrò. "Ṣé gbogbo wọn ti wálé?"

"Gbogbo wọn ti wálé, Mà."

Síléètì yè. Ìyá Ìbídùn lo ọdún mẹ́ta sí i kí wọ́n tó dágbére fáyé, wọ́n sì ní kí wọ́n kó ẹran àwọn fún mi. Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n wà báyìí.

Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ dé ibí yìí fún Tiwaladé, oòrùn ti wọ̀. Mo ní kó bá mi kó ẹran wọlé. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń nàka sí wọn, "Ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta..." Mo gbá a níka. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ má bínú, Mà," ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n lórúkọ. Síléètì. Hẹ́dìmásítà. Ìwé-Kíkà. Wọ́n ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Wọ́n ti tán, Màmá àgbà."

"Ó ku ẹnìkan."

Ó wo inú ọgbà, ó wo ojú ọ̀nà, ó wo ojú mi. Ó yé e. Ó wá tún ohùn ṣe, ó pè é bí ó ṣe yẹ kí wọ́n pè é, sókè, síta gbangba:

"Tíṣà!"

"Mo ti dé, Mà."